Ọjọ́ Tí Mo Fi Mọ́tò Wádìí Àna Wa

Mi ò ní dárúkọ erékùṣù náà. Ó kéré débi pé tí mo bá dárúkọ rẹ̀, ẹni tó bá mọ ibẹ̀ á mọ ilé tí mò ń sọ, á mọ ṣọ́ọ̀bù tó dojú kọ ọ́, á sì ti fóònù wọn kí n tó parí ọ̀rọ̀. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ó wà lápá Kàríbíà lọ́hùn-ún, pé òkun yí i ká, àti pé èèyàn lè fi mọ́tò yí gbogbo rẹ̀ po láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kó sì tún ráyè jẹun ọ̀sán. Àwọn tó ń sanwó fún irú ìrìn bẹ́ẹ̀ máa ń fẹ́ wo òkun ni. Èmi ò bá ti òkun lọ. Ìwádìí ni mo bá lọ.

Àbúrò mi obìnrin ló ń ṣe nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Àwa méjì péré ni ìyá wa bí kó tó kú. Ó ti lo ọdún mẹ́rin lọ́hùn-ún nígbà tó fóònù bàbá wa ní Festac pé òun ti rí ọkọ: ọmọ ibẹ̀, tíṣà, onígbàgbọ́. Ó ní àwọn ẹbí ọkùnrin náà fẹ́ fi lẹ́tà ìtọrọ ránṣẹ́ bí àwa Yorùbá ṣe ń ṣe é, torí òun ti kọ́ wọn. Inú mi dùn. Inú bàbá wa náà dùn, àmọ́ kò jẹ́ kó hàn.

"Mi ò lè gba lẹ́tà lọ́wọ́ ẹni tí mi ò mọ orírun rẹ̀," ló wí. "Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ta ló ti bá mi wo ilé wọn?"

Bàbá wa ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ láti bí ogún ọdún sẹ́yìn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ò tíì fẹ̀yìn tì lára rẹ̀. Tí ẹ bá ní kó ra iyọ̀, á kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó jáde. Ó ti di ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, eékún rẹ̀ ò sì jẹ́ kó lè sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn fúláàtì wa mọ́ láìdi irin mú. Ọ̀rọ̀ wíwọ bàálù fún wákàtí bíi mẹ́rìndínlógún ò tiẹ̀ sí níbẹ̀. Ó bá yíjú, ó wò mí.

Mo mọ ìwò yẹn. Mo ní, "Háà, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́."

Ẹ̀yin tí ẹ ti sọ ìwádìí di àṣà ayé àtijọ́, ẹ rọra o. Lágbègbè wa níbí, láti Festac dé Satellite Town, mo mọ àwọn òbí tó ń sọ èdè ẹ̀mí ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀, tí wọ́n á sì lọ ṣe ìwádìí àna nírọ̀lẹ́. Àdúrà ò dí ìbéèrè lọ́wọ́. Ṣé kò sí wèrè nílé wọn? Ṣé kò sí wárápá? Ṣé wọn kì í jalè, ṣé wọn kì í na ìyàwó? Ṣé ọmọkùnrin yẹn ò ní ìyàwó níbòmíì? Ẹ má lọ bi ẹbí rẹ̀ o, wọ́n á purọ́. Ẹ má bi pásítọ̀ rẹ̀, á bò ó. Mẹ́ruwà tó ń ti kẹ̀kẹ́ omi wọ ilé wọn lẹ máa bá lọ, àbí obìnrin tó ń ta nǹkan lódìkejì géètì wọn. Ẹ ó ra nǹkan. Ẹ ó jókòó. Ẹ ó kí i kú ọjà, ẹ ó sọ pé oòrùn yìí mà mú o. Lẹ́yìn náà, bí ẹni tí ò ní nǹkan í ṣe, ẹ ó fi ojú ẹ̀gbẹ́ wo ilé náà, ẹ ó ní, "Àwọn ará ibí yìí mà ní géètì tó dáa o." Ẹni tó ń tajà á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ ò gbọdọ̀ jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ ń wádìí. Tó bá ti mọ̀, ó tán.

Kí ló dé tó fi jẹ́ èmi ni bàbá wa rán? Nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi ni.

Èmi náà lọ́kọ nígbà kan. Kí n tó wọlé rẹ̀, bàbá wa sọ fún wa pé òun ti lọ sí ìlú ọkùnrin náà fúnra òun, òun sùn síbẹ̀ ọjọ́ méjì, òun béèrè lọ́tùn-ún lósì, pé èèyàn dáadáa ni wọ́n. A ṣe ìgbéyàwó. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rìnlá, obìnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù oògùn mi ní Agboju lọ́jọ́ ọjà, ó gbé ọmọ kan dání, ó sì fa ọ̀kan lọ́wọ́. Mo rò pé ọmọ ló ń ṣàìsàn. Ó ní òun ni ìyálé mi. Àwọn oníbàárà wà níbẹ̀ o. Mo kó ẹrù mi jáde nílé ọkọ lọ́sẹ̀ yẹn, ọdún kẹsàn-án rèé. Ohun tí gbogbo wa gbà ni pé àwọn ará ìlú ọkùnrin náà ló purọ́ fún bàbá wa. Èmi tún gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí mo bá dá wà: mo gbà pé orí mi ló burú. Wọ́n wádìí fún ẹlòmíì, wọ́n rí òótọ́. Wọ́n wádìí fún mi, odindi ìyàwó àti ọmọ méjì sá pamọ́.

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Bàbá wa ní nítorí ẹ̀ gan-an ni. "Ojú tìẹ ti là," ló wí. "Ohun tó o bá sọ fún mi ni mo máa ṣe. Tó o bá ní rárá, rárá ni."

Ẹ wo ẹrù tó gbé lé mi lọ́rùn. Àbúrò mi ti pé ọdún mọ́kàndínlógójì. Ó sì ti sọ gbangba pé òun ò ní lọ sílé ọkọ láìsí àdúrà bàbá wa. Ẹnu mi ló kù.

Mo sọ fún un pé ìsinmi ni mò ń bọ̀ wá lò. Ó ti ṣètò pé lọ́jọ́ Sunday a máa lọ kí ìyá ọkọ rẹ̀, wọn á se oúnjẹ, wọn á tẹ́ aṣọ sórí tábìlì. Ìyẹn kì í ṣe ìwádìí, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní àlejò. Torí náà, nígbà tó lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Thursday, mo yọ́ lọ gba ìrìn-àjò ọlọ́jọ́ kan lọ́wọ́ àwọn tó ń fi mọ́tò gbé àlejò yí erékùṣù ká. Mo ti wo ìwé wọn dáadáa: mọ́tò náà máa gba abúlé ìyá ọkùnrin náà kọjá.

Bàbá àgbàlagbà kan ló wá gbé mi, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ funfun ju irùngbọ̀n lọ. Ó ní àwọn tó yẹ ká jọ lọ ò dé mọ́, ọkọ̀ ojú omi wọn ò gúnlẹ̀, èmi nìkan ni. Ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn. Kó tó ṣíná mọ́tò, mo ní kó dákẹ́ ná, mo sì gbàdúrà. Mo fi ẹ̀jẹ̀ Jésù bo mọ́tò náà, mo bo ẹ́ńjìnnì, mo bo bíréèkì àti táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ṣí fìlà, ó dúró títí mo fi ṣe àmín.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí," ló wí, "kò sẹ́ni tó dárúkọ táyà mi fún Ọlọ́run rí."

Mo ní, "Ẹ ò tíì gbé ará Èkó ni, sà."

Ibi tí wọ́n ti ń fún ìrèké láyé ìgbà kan la kọ́kọ́ dúró sí. Ògiri òkúta ló kù, àti irin ńlá kan tó ti dógùn-ún. Ó sọ bí wọ́n ṣe ń fi àwọn èèyàn ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí wọ́n á fi kú. Ó wá wò mí, ó ní, "Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ti kó wa." Mo ní ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Kí lèèyàn tún fẹ́ sọ? Ọkàn mi bàjẹ́ lóòótọ́, mo fọwọ́ kan ògiri yẹn. Àmọ́ kí n má purọ́, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá mo ti tún ń wo aago.

Ó mú mi lọ sínú ọgbà òdòdó kan. Ó mú mi lọ sórí òkè kan tí òkun ń lu ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní ibẹ̀ ni gbogbo àlejò ti máa ń ya fọ́tò. Mo ní ó dáa, ìgbà wo la máa dé abúlé báyìí-báyìí?

"Kò sí nǹkan kan ní abúlé yẹn, mà. A kàn ń gba ibẹ̀ kọjá ni."

"Mo fẹ́ sọ̀ níbẹ̀. Òùngbẹ ń gbẹ mí."

Ó wo kúlà omi tútù tó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi, ó kún dẹ́nu. Ó ń wa mọ́tò rẹ̀ lọ.

Mo mọ ilé náà lójú kan torí àbúrò mi ti fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́: ilé pákó tí wọ́n kùn ní yẹ́lò, fèrèsé búlúù. Ọlọ́run sì ṣe é, ṣọ́ọ̀bù kan dojú kọ ọ́ gan-an. Obìnrin kan tí kò tíì tó ogójì ọdún ló wà níbẹ̀, ó ń ta kéèkì àgbọn àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Inú mi dùn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọrin. Mo sọ fún bàbá onímọ́tò pé kó dúró dè mí níwájú díẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Mo ra kéèkì. Mo ra ọtí. Mo jókòó sórí àga kan tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo béèrè bí ọjà ṣe rí, mo ní oòrùn yìí mà mú o, ó ní bó ṣe máa ń mú nìyẹn. Mo wá fi ojú ẹ̀gbẹ́ wo ilé náà. Wàhálà: wọn ò ní géètì. Wọn ò ní ọgbà kankan pàápàá. Mo ronú díẹ̀, mo ní, "Àwọn ará ibí yìí mà ní fèrèsé tó dáa o."

Obìnrin náà wo fèrèsé, ó wò mí. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó sì ń dáhùn gbogbo ohun tí mo béèrè, wéréwéré, bíi pé ó ti ń dúró dè mí. Ìyá ilé náà kì í bá ẹnikẹ́ni jà, àfi tí wọ́n bá gba orin mọ́ ọn lẹ́nu ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá ti kú, àtọ̀gbẹ ló pa á. Mo ní ṣé ara àwọn tó kù dá, ṣé orí wọn pé? Ó ní orí wọn pé ju ti àwọn tó ń ṣèjọba lọ. Mo ní ṣé wọn kì í fọwọ́ kan nǹkan oníǹkan? Ó bú sẹ́rìn-ín: "Kí lẹ fẹ́ kí wọ́n jí níbí yìí?" Mo ti ń mi orí, mo ti ń sọ ọ́ fún bàbá wa lọ́kàn, ìkan rèé, èjì rèé. Mo bu kéèkì sẹ́nu, mo wá ní, "Ọmọ wọn ọkùnrin ńkọ́? Mo gbọ́ pé tíṣà ni."

"Òun? Ta ló tún mọ̀ ọ́n tó mi? Ọkọ mi ni fún ọdún mẹ́fà."

Yéè! Kéèkì há mi lọ́fun. Mo dìde. Mi ò gba ṣéńjì, mi ò gbé ọtí, mi ò sọ pé ó dàbọ̀. Mo wọnú mọ́tò, mo fi ilẹ̀kùn ṣe gbàgà.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Bàbá náà wakọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Yorùbá nínú mọ́tò onímọ́tò. Òpùrọ́! Ọ̀dàlẹ̀! Ojúlarí-ọ̀rẹ́-ò-dénú! Ọkùnrin wo ló tún fẹ́ ṣe ẹlẹ́ẹ̀kejì níbi tí a ti jẹ àkọ́kọ́ tí ò tíì dà lára wa? Mo pe àbúrò mi, fóònù rẹ̀ ti wà ní pípa torí ó wà níbi iṣẹ́. Mo wá nọ́ńbà bàbá wa jáde. Ó ti lé ní aago méje alẹ́ ní Festac, á ti jókòó ti fóònù. Ọ̀rọ̀ kan péré ló ń dúró dè. Rárá. Mo fi àtàǹpàkò lé e, ó sì ń ṣe mí bí ẹni tó fẹ́ ti ẹnì kan ṣubú sínú kànga.

Bàbá onímọ́tò yà sábẹ́ igi kan, ó páná mọ́tò.

"Mà, ta ló kú?"

Inú ti bí mi kọjá kí n máa fi nǹkan pamọ́. Mo kó gbogbo rẹ̀ fún un: àbúrò mi, bàbá wa, lẹ́tà, obìnrin tó gbé ọmọ wọ ṣọ́ọ̀bù mi, àti ìdí tí mi ò fi ya fọ́tò kankan láti àárọ̀. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní òun ò bá wọn tan, kí n fọkàn balẹ̀, òun ò sì ní tú mi fó. Ó wá ní, "Kí ló fà á tí wọ́n fi kọ ara wọn?"

"Mi ò béèrè."

"Ṣé ó sọ fún àbúrò yín pé òun ti ní ìyàwó rí?"

"Mi ò mọ̀. Mi ò béèrè."

Ó yí ọrùn padà, ó wò mí dáadáa. "Ẹ béèrè ìyá. Ẹ béèrè bàbá tó ti wà nínú ilẹ̀. Ẹ béèrè fèrèsé. Ó wá kan ọkùnrin náà gan-an, ẹ sì rí ẹni tó mọ̀ ọ́n ju gbogbo ayé lọ, ẹ wá sá."

"Kí ló kàn yín?" Mo jágbe mọ́ ọn, àgbàlagbà ọlọ́jọ́ lórí. Ọlọ́run dárí jì mí. Kò bínú. Ó ṣíná mọ́tò, ó yí i padà síbi tí a ti ń bọ̀, kò tiẹ̀ bi mí bóyá mo fẹ́. Èmi náà ò sọ pé kó má yí i. Mo pa nọ́ńbà bàbá wa rẹ́ lójú fóònù.

Obìnrin náà dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ mọ́yà. Ọtí mi ṣì wà lórí àga.

"Ẹ gbàgbé ṣéńjì yín, Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì."

Ẹ gbà mí. Ó pè mí ní Ẹ̀gbọ́n, ní Yorùbá, ó tiẹ̀ gbìyànjú láti fi ohùn sí i. Mo ní ta ló sọ fún un? Ó ní, "Mo ti mọ̀ yín láti ìgbà tí ẹ ti ń yin fèrèsé. Ẹnu yín jọra, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín jọra. Àbúrò yín ti sọ fún wa pé tí ẹ bá dé, ẹ máa wá ṣe bí ẹni tó wá ra nǹkan."

Ojú tì mí, mo fẹ́ wọlẹ̀. Gbogbo ọgbọ́n Èkó tí mo gbé wọ bàálù!

"Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ?"

"Mò ń wò yín ni. Ẹ ń ṣe é dáadáa."

Mo jókòó. Lọ́tẹ̀ yìí mo béèrè, mi ò fi ojú ẹ̀gbẹ́ wo ibì kankan. Ó ní òun ló fi ọkùnrin náà sílẹ̀. Wọ́n fẹ́ra ní kékeré, òun rí ẹlòmíì, òun lọ. Mo ní ṣé ó nà yín? Ó ní kò fọwọ́ kan òun rí, ẹkún ló sun. Wọ́n ti gba ìwé kọ́ọ̀tù ó ti pẹ́. Wọ́n bí ọmọbìnrin kan, bàbá rẹ̀ ló máa ń gbé e lọ sílé ìwé láàárọ̀, òun ló sì wá tún fíríìjì ṣọ́ọ̀bù yìí ṣe lóṣù tó kọjá. Nígbà tó pàdé àbúrò mi, ọ̀sẹ̀ kan ò pé tó fi mú un wá síbí, ó ní, ìyàwó mi àtijọ́ rèé, ọmọ mi rèé, kó o tó sọ pé o fẹ́ mi.

"Àga tí ẹ jókòó sí yẹn, àbúrò yín ló máa ń jókòó sí i ní Saturday."

Mo wo àga náà. Mo ní, "Kí ló dé tí kò sọ fún wa nílé?"

Obìnrin náà rẹ ohùn sílẹ̀. "Ó ní nítorí yín ni. Ó ní obìnrin kan ti gbé ọmọ wá bá yín ní ṣọ́ọ̀bù rí. Pé tí ẹ bá tún gbọ́ pé ìyàwó kan wà níwájú, ó máa pa yín lára. Ó ń wá ọjọ́ tó máa sọ ọ́, kò rí i."

Mo gbé ọtí mi, mo tún gbé e kalẹ̀ láì mu ún.

Ibẹ̀ la wà tí ọmọ náà fi ti ilé ìwé dé, báàgì lẹ́yìn, ìbọ̀sẹ̀ kan ti wálẹ̀. Ọmọ bí ọdún mẹ́jọ. Ó wo ojú mi, ó wo ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ mi orí sí i. Àfi gbì, ọmọ náà fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ sórí iyanrìn.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

Aago mẹ́ta ọ̀sán ti lọ. Ta ló rí tiẹ̀ rò? Mo fà á dìde, mo gbọn iyanrìn nù lórúnkún rẹ̀, mo ní káàárọ̀, ọmọ mi, ṣé dáadáa lo jí? Ọkàn mi wá balẹ̀. Ó balẹ̀ wọ̀ọ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá sọ ìkòkò omi kalẹ̀ lórí lẹ́yìn ìrìn gígùn. Àbúrò mi ò sí lọ́wọ́ òpùrọ́. Kò sẹ́ni tó gbé nǹkan pamọ́ fún un. Òun ló ń gbé nǹkan pamọ́ fún mi, nítorí kí n má baà ṣubú. Mo mu ọtí mi, ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó dùn.

Nígbà tí a padà sọ́nà, mo bẹ bàbá onímọ́tò fún ohùn tí mo gbé sókè sí i. Ó ní ṣé kí òun tún padà lọ sórí òkè níbi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò, àbí òùngbẹ ṣì ń gbẹ mí? Mo rẹ́rìn-ín títí. A kọjá àwọn oko ọ̀gẹ̀dẹ̀, a kọjá ilé ẹja kan níbi tí mo ti jẹun bí ẹni tó jáde nínú ààwẹ̀, mo sì ya fọ́tò gbogbo nǹkan, títí kan ewúrẹ́. Ó ní kò sí bí ewúrẹ́ ibí ṣe yàtọ̀ sí ti Èkó. Mo ní mo mọ̀, sà, mo kàn fẹ́ yà á ni.

Etí òkun ìwọ̀-oòrùn la ti parí rẹ̀. Omi ibẹ̀ dákẹ́. Mo bọ́ bàtà, mo rìn síwájú díẹ̀, mo pe bàbá wa. Aago mẹ́rin kọjá lọ́dọ̀ mi, àkókò tó máa ń wọlé sùn sì ti kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀, àmọ́ kò jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀kejì.

"Ẹ kú alẹ́, sà."

"Mò ń gbọ́." Mo gbọ́ ìró bébà. Ó ti kọ àwọn ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí èkíní. Wèrè? Kò sí, sà. Wárápá? Kò sí. Àtọ̀gbẹ wà, ó pa bàbá wọn. Ó kọ ọ́. Olè? Kò sí. Ìjà? Nítorí orin nìkan. Ó wá ka èyí tó kù.

"Ṣé ó ti ní ìyàwó?"

Mo lè parọ́. Ìbùsọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló wà láàárín wa. Mo ní, "Ó ti ní rí, Bàbá. Wọ́n ti kọ ara wọn, wọ́n ní ìwé. Ọmọ kan wà. Àbúrò mi mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́."

Mo ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ìsàlẹ̀ wa.

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ìyàwó náà fúnra rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bá a sọ̀rọ̀."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì?"

"Bó ṣe sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kíní, mo sá, sà. Ẹ̀rù bà mí láti béèrè èyí tó kù. Onímọ́tò ló yí mi padà."

Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ, mo fẹ́ pa fóònù.

"Èmi ò padà," ló wí.

"Ẹ ní kí ni, sà?"

"Nígbà tìẹ. Mi ò dé ìlú ọkùnrin yẹn." Ohùn rẹ̀ kéré, bí ti ẹlòmíì. "Mo dé gáréèjì. Mo ti wọ mọ́tò, wọ́n tiẹ̀ ti ń pe èrò ìkẹyìn, mo sọ̀ kalẹ̀. Satellite Town ni mo sùn sí, nílé ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ṣiṣẹ́. Ọjọ́ méjì. Ọkùnrin yẹn mọ̀ ọ́n dọ̀bálẹ̀, ó ń pè mí ní Daddy, o ti pé ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ìyá rẹ ń gbààwẹ̀, inú rẹ sì ń dùn. Mo ní tí mo bá lọ gbọ́ nǹkan ńkọ́? Ta ló máa sọ ọ́ fún ọ? Nígbà tí mò ń bọ̀ wálé, mo ra búrẹ́dì ní Mile 2 kí ẹ lè rò pé ìrìn-àjò ni mo ti dé."

Mo rántí búrẹ́dì náà. Ìyá wa ló gé e. Gbogbo wa jẹ ẹ́.

Mo wá ìbínú mi, torí mo mọ ibi tó máa ń wà. Ẹ bi àwọn tó ń ra oògùn lọ́wọ́ mi, wọ́n á sọ fún yín. Mo wá a, mi ò rí i. Omi ló ń bọ́ lójú mi, àyà mi sì fúyẹ́ lọ́nà tí kò fi fúyẹ́ rí láti ọdún mẹ́sàn-án. Orí mi ò burú. Kò sẹ́ni tó purọ́ fún wa ní ìlú yẹn. A ò bi wọ́n ni.

"Ṣé o ṣì wà níbẹ̀?" bàbá wa béèrè.

"Mo wà, sà."

"Tó o bá fẹ́ bú mi, bú mi."

"Mi ò ní bú yín, Bàbá."

Ó mí kanlẹ̀. Mo gbọ́ bó ṣe ń ká bébà rẹ̀. "Lẹ́tà àwọn èèyàn yìí wá ńkọ́? Ṣé kí n gbà á?"

"Ẹ gbà á, sà," mo wí. "Èmi débẹ̀."